Ìyá Dọ̀tun ní Erékùṣù Àwọn Ẹyẹ Òkun

Ẹni tó bá ń gba Siluko Road kọjá láàárọ̀ kò lè ṣàì gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ Ìyá Dọ̀tun. Kọ́tìnì ló ń rán, àti aṣọ ilé ìwé nígbà tí sáà tuntun bá fẹ́ wọlé. Abímbọ́lá Èṣùbíyì ni wọ́n kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá tó wà ní ìlú Benin ń pè é ní Ìyá Dọ̀tun, àwọn Ẹ̀dó tó ń gbéṣẹ́ wá fún un ń pè é ní Mama Dotun. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pè é, títí di ìgbà tí orúkọ náà wá di ohun tó ń dùn ún bí wọ́n bá pè é, tó sì tún ń dùn ún bí wọn kò bá pè é.

Ìjọ kan náà ni èmi àti òun ń lọ ní Oregbeni, ohun tí mo rí àti ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ni mo ń sọ yìí. Ọkọ rẹ̀, Adékọ́lá, òṣìṣẹ́ ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n ti wá. Iṣẹ́ ló gbé wọn dé Benin, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ọmọ méjèèjì sí, Dọ̀tun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Fọláyẹmí. Àwọn ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìyá wọn bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, Òyìnbó tàbí Pidgin ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ìyá a ní, "Dọ̀tun, wá gbé omi yìí," Dọ̀tun a ní, "Mummy, I dey come." Wọ́n ti mọ́ ara wọn lára bẹ́ẹ̀.

Fọláyẹmí kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Dọ̀tun kọ́ṣẹ́ fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù, ó sì mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti kúrò nílé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á ní ó ti wà ní Agadez, létí aṣálẹ̀ Niger. Tó bá tún ṣe díẹ̀, wọ́n á ní ó ti wọ Libya. Lọ́jọ́ kan, òun náà dágbére ibi iṣẹ́, kò sì padà wálé. Láti Libya ló ti pè. Ó ní kí ìyá òun má bínú, kó máa gbàdúrà fún òun, pé òkun nìkan ló kù. Ìgbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ rìn pe Bàbá Dọ̀tun láti Italy. Ó ní ọkọ̀ rọ́bà tí àwọn wọ̀ dojú dé, pé wọ́n fa òun àti àwọn mélòó kan yọ, pé òun kò rí Dọ̀tun mọ́. Bàbá Dọ̀tun gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lé e lórí.

Ó ní, "Ṣé ọmọ yẹn rí òkú rẹ̀?"

"Rárá."

"Kò kú nìyẹn."

Orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe Dọ̀tun ní olóògbé lójú òun. Nígbà tí pásítọ̀ wa wá bá wọn nílé pé ó yẹ kí á ṣe ìsìn ìrántí, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ọmọ òun lè wà lẹ́wọ̀n níbì kan. Ó ní ó lè wà nílé ìwòsàn, kó má rántí orúkọ ara rẹ̀. Bàbá Dọ̀tun kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń gbẹ, gbogbo wa ló ń rí i. Ìyá Dọ̀tun kò sì jẹ ẹja mọ́. Bí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀ níbi àpèjẹ, yóò ní ara òun kò gbà á. Àwa tá a mọ ìdí rẹ̀ kì í béèrè.

Fọláyẹmí ló gba ìwé àṣẹ lọ sí ìlú Òyìnbó ní tirẹ̀. Ilé ìwòsàn kan gbà á síṣẹ́ ní ìlú kékeré kan ní Scotland, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Olúmúyìwá. Nígbà tó bí ọmọ obìnrin, Mofẹ́olúwa, ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó wá bá òun tọ́jú ọmọ. Ìyá Dọ̀tun ti ṣọ́ọ̀bù, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé etí òkun ni ìlú náà wà. Ilé wọn wà lórí òkè kékeré kan, òkun sì kún ojú fèrèsé pálọ̀. Bó ṣe rí i báyìí, ó fa kọ́tìnì dé. Láràárọ̀ ni Olúmúyìwá ń ṣí kọ́tìnì náà kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún ọmọ, láràárọ̀ náà ni ìyá ìyàwó rẹ̀ ń fà á padà. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ ọ́. Ìyá Dọ̀tun ń wẹ ọmọ, ó ń fi òróró pa á lára, ó ń gbé e pọ̀n, ṣùgbọ́n kò jáde. Gbogbo oòrùn oṣù Keje tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń yọ̀, inú ilé ló jókòó sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fọláyẹmí jókòó tì í.

"Mọ́mì, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi fún èmi àtẹ̀yin. Erékùṣù kan wà níwájú ibẹ̀ yẹn. Ẹyẹ òkun ló kún ibẹ̀ báyìí. Èèyàn kì í gbé ibẹ̀. Wọ́n dá a sí fún àwọn ẹyẹ láti máa bímọ sí, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé èèyàn lọ wò wọ́n. Ọjọ́ Sátidé ni."

"Ìwọ àti ọkọ rẹ ẹ máa lọ. Èmi á dúró ti ọmọ."

"Mọ́mì, èmi àtẹ̀yin ni mo sọ."

"Fọláyẹmí, o mọ ohun tí omi yẹn ṣe fún mi."

Fọláyẹmí sún mọ́ ọn sí i. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi sọ gbogbo rẹ̀ láìfi Òyìnbó kankan bọ̀ ọ́, ohun tí kì í sábà ṣe.

"Ó ṣe é fún èmi náà, Mọ́mì. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò tíì sún mọ́ etí òkun yẹn rí. Iṣẹ́ ló gbé mi wá síbí. Bí ìjì bá ń jà, oorun kì í kùn mí, ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rò. Ibí ni ọmọ yìí máa dàgbà sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa lọ ṣeré létí omi, òun náà á sì fẹ́ lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Kó máa sá bí èmi àti ìyá mi ṣe ń sá? Mi ò fẹ́ kó jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá lọ. Ẹ bá mi lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Dọ̀tun wo ọmọ tó sùn lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, tí Fọláyẹmí jáde láti yàrá, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ ẹ̀wù òtútù lórí ìró àti bùbá, ó ti wé gèlè, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò tóbi. Àwọn bíi mélòó kan ló bá wọn wọ̀ ọ́, àwọn tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ọkùnrin àgbàlagbà tó ń wa ọkọ̀ fún oníkálukú ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó sì fúnra rẹ̀ bá Ìyá Dọ̀tun so tirẹ̀. Àárín gbùngbùn ni Ìyá Dọ̀tun jókòó sí, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Omi gbé wọn sókè, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n rìn dé ibi tí ilé ti ń kéré lẹ́yìn wọn, ó la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ṣé bó ṣe rí fún wọn nìyí?"

Fọláyẹmí di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Tiwọn kò ní ibi téèyàn ń jókòó sí," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó fọwọ́ kan ẹ̀wù tó wà láyà rẹ̀. "Wọn ò sì fún wọn ní irú èyí."

Òórùn erékùṣù náà ló kọ́kọ́ pàdé wọn, bíi ti ilé adìẹ tí wọn kò gbá fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ariwo. Ògiri àpáta ńlá kan dìde láti inú omi, ìgbẹ́ ẹyẹ ti sọ ọ́ di funfun, ẹyẹ sì tò sórí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń ké, wọ́n ń fò, wọ́n ń bà. Ìyá Dọ̀tun gbé ojú sókè, ó sì gbàgbé láti gbé e wálẹ̀ mọ́.

Obìnrin olùṣọ́ kan, onírun funfun, ló pàdé wọn ní èbúté. Ó ní kí wọ́n má kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n fi okùn sàmì sí, nítorí pé àwọn ẹyẹ kan wà tó jẹ́ pé ihò ni wọ́n ń gbẹ́ sínú ilẹ̀, ọmọ wọn sì wà nínú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá gba ibòmíràn lè tẹ̀ wọ́n pa. Ó ní kí wọ́n má mú nǹkan kan lọ, kí wọ́n má sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Fọláyẹmí ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí àwọn ẹyẹ funfun kéékèèké kan, tí orí wọn dúdú, fi já lù wọ́n láti òkè. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń bímọ sí, wọn kò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn Òyìnbó da ọwọ́ borí, wọ́n ń sáré. Ọ̀kan fi ẹnu ṣá gèlè Ìyá Dọ̀tun, ó fò sókè, ó tún padà wá ṣá a.

"Mọ́mì, ẹ yára!"

"Ìyá ọmọ ni," ni Ìyá Dọ̀tun wí, kò sì yára. "Fi í sílẹ̀. Gèlè kò ní ọgbẹ́."

Fọláyẹmí rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé ibi tí àwọn ẹyẹ inú ihò wà. Wọ́n dúró wò wọ́n. Ẹyẹ kúkúrú ni wọ́n, ẹnu wọn pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹni kùn ún lọ́dà, wọ́n to ẹja wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sẹ́nu bọ̀ láti òkun, wọ́n sì ń sá wọ ihò lọ bọ́ ọmọ. Ìyá Dọ̀tun wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Ó bi Fọláyẹmí léèrè ọmọ mélòó ni ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń bí lọ́dún. Olùṣọ́ náà ní ẹyọ kan ni.

Ẹ̀yìn erékùṣù náà ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́ ju ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ lọ. Àpáta tẹ́jú wọ inú omi, àwọn tó kù ti rìn síwájú. Ìyá Dọ̀tun dúró, ó ń wo omi lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí orí kan yọ láàárín ìgbì.

Orí dúdú ni, ó rí roboto, ó yọ dé ọrùn. Ó dojú kọ ilẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì tóbi, ó sì ń wò ó.

"Èèyàn!" Ìyá Dọ̀tun figbe ta. "Èèyàn wà nínú omi! Fọláyẹmí! Ẹ gbà á o!"

Ó ju báàgì nù, ó fo okùn, ó sáré gba orí koríko lọ sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ilẹ̀ dé orúnkún, ó ṣubú, ó fà á yọ, ó ń fi ọwọ́ àti orúnkún lọ. "Mò ń bọ̀! Mò ń bọ̀ o!" Fọláyẹmí bá a, ó dì í mú lẹ́yìn. Olùṣọ́ náà sáré dé, ó di apá rẹ̀ kejì mú. Orí tó wà nínú omi tú èémí jáde fìn-ìn, ó wò wọ́n díẹ̀ sí i, ó rọra rì.

"Síìlì ni, Mọ́mì," ni Fọláyẹmí wí. "Kì í ṣe èèyàn. Ẹran inú omi ni. Ẹ wò wọ́n lórí àpáta yẹn."

Lóòótọ́, ohun tí wọ́n ti rò pé òkúta ni, ẹran ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ẹran ọlọ́ràá tó nà gbalaja sínú oòrùn. Ọ̀kan gbé orí sókè, ó wò wọ́n.

"Mo mọ̀," ni Ìyá Dọ̀tun wí.

"Ẹ ò rí i dáadáa ni, ó jọ…"

"Fọláyẹmí, mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Ìgbà náà ló yé Fọláyẹmí pé ọ̀rọ̀ Dọ̀tun ni ìyá rẹ̀ ń sọ. Ìyá Dọ̀tun jókòó sórí koríko, ó sì sunkún. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni nínú wa tó rí omijé lójú rẹ̀ rí, nítorí ẹni tó bá sunkún ti gbà pé ọmọ òun kú. Lọ́jọ́ yẹn ó sunkún tí ara rẹ̀ fi ń mì, Fọláyẹmí sì dì mọ́ ọn, wọ́n jọ ń sun ún.

Olùṣọ́ náà kò bá wọn wí pé wọ́n kúrò lójú ọ̀nà. Ó padà síbi tí ẹsẹ̀ ti rì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú ihò náà títí dé èjìká. Ìyá Dọ̀tun rí i. Ó nu ojú.

"Bi í bóyá mo pa ọmọ ẹyẹ náà."

Fọláyẹmí bi í. Obìnrin náà ní rárá, pé òun fọwọ́ kàn án, pé ó wà láàyè, inú sì ń bí i. Ó fi ilẹ̀ tó ya náà dí i padà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi Fọláyẹmí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Fọláyẹmí sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun kú sínú òkun. Òun náà kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó kú rí. Obìnrin náà ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní òun máa bá ọ̀gá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kó dúró dè wọ́n, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

Wọ́n gba ojú ọ̀nà padà lọ síbi tí àpáta ti kan omi. Ìyá Dọ̀tun ní òun fẹ́ bá Dọ̀tun sọ̀rọ̀.

"Òkun ọ̀tọ̀ lèyí, Mọ́mì," ni Fọláyẹmí rọra sọ. "Ibi tó kú sí jìnnà síbí."

"Omi ni gbogbo wọn. Wọ́n pàdé ara wọn níbì kan."

Ó bọ́ bàtà. Ó dúró, ó pe ọmọ náà ní oríkì rẹ̀, bó ṣe máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré tó bá fẹ́ jí i lóorun.

"Àkànbí. Àkànbí ọkọ mi, ọmọ Èṣùbíyì. Èmi ni mo ń dá ọ dúró. Mi ò jẹ́ kí bàbá rẹ sunkún rẹ, mi ò jẹ́ kí àbúrò rẹ dárúkọ rẹ. Mo rò pé bí mi ò bá gbà, ìwọ náà á lè padà. Ó tó. Bàbá rẹ wà, ó ti darúgbó díẹ̀. Àbúrò rẹ ti bímọ, obìnrin ni, ó ní irun bíi tìrẹ. Bóo ṣe lọ yẹn, inú kò bí mi sí ọ. Sùn un re, ọmọ mi. Ó dàárọ̀."

Fọláyẹmí náà sọ tirẹ̀. "Bọ̀dá Dọ̀tun, ó dàárọ̀ o." Lórí àpáta, àwọn síìlì ń kérora, ohùn wọn gùn, ó sì wúwo, bíi ti èèyàn tí ara ń ni. Àwọn méjèèjì dúró gbọ́ ọ títí olùṣọ́ fi wá pè wọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ ń padà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni Ìyá Dọ̀tun jókòó sí, ó ń wo omi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pe ọkọ rẹ̀ ní Benin.

"Bàbá Dọ̀tun, ẹ lọ bá pásítọ̀. Ìsìn yẹn, kí wọ́n ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí n dé."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé ẹnì kan pè ọ́ ni? Ṣé wọ́n rí nǹkan kan?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí. Ó ti rẹ̀ mí ni. Ó ti rẹ ẹ̀yin náà."

"Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́, Abímbọ́lá," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Lóṣù Kẹwàá la ṣe ìsìn náà ní Oregbeni. Wọ́n gbé àwòrán Dọ̀tun síwájú, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kò bá àṣà mu kí òbí jókòó níbi ètò òkú ọmọ wọn, pé kí wọ́n mú ìyá àti bàbá lọ sílé mìíràn títí a ó fi parí. Ìyá Dọ̀tun dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú. Kò sí sàréè tí a fẹ́ gbẹ́. Bí mi ò bá jókòó níbí, ibo ni mo tún fẹ́ lọ sin ín?" Wọ́n gbà fún un. Òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó lórí àga iwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá Dọ̀tun sunkún kíkan kíkan, kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni obìnrin Ẹ̀dó kan, Mama Osaretin, tó ń ta abọ́ oníke ní Oba Market, wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Siluko Road. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, aṣọ ilé ìwé ọmọ mi ni mo wá gbà. Obìnrin náà kò gbé iṣẹ́ kankan wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mama Dotun, dem say you don do service for your pikin. My own too go that road. Since, I no hear am. How you take know say e don do?"

Ìyá Dọ̀tun fa àga fún un. Ó ní òun kò lè sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti kú, òun kò sì lè sọ pé kò kú. Ó sọ ti orí tó rí nínú omi fún un, àti bí òun ṣe sáré. Mama Osaretin gbé ọwọ́ lé ẹnu, ó ń gbọ́.

Ní báyìí, Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ìyá bíi tiwọn ń pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ́yìn tí ọjà bá tú. Ẹ̀dó, Yorùbá, Esan, oríṣiríṣi ni wọ́n, oníkálukú ló sì ní ọmọ tó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú wọn ti ṣe ìsìn tiwọn. Àwọn kan ṣì ń retí, wọ́n sì ń sọ ohun tí ọmọ náà máa jẹ lọ́jọ́ tó bá dé. Ìyá Dọ̀tun ń gbọ́ ti gbogbo wọn. Kì í bá àwọn tó ń retí jiyàn.